Bahnhäusleuhr: Ìtàn Àwọn Oníṣẹ́ Aago Inú Igbó Dúdú

Ní Triberg, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, orúkọ méjì ni aago onígi tí ẹyẹ ń yọjú láti inú rẹ̀ ń jẹ́. Èyí tí àlejò mọ̀ ni Kuckucksuhr, aago ẹyẹ kuckuck. Èkejì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ń kó aago àtijọ́ jọ máa ń pè: Bahnhäusleuhr. Orúkọ àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan pamọ́. Igbe ẹyẹ ni wọ́n fi sọ ẹyẹ lórúkọ, bí àwa náà ṣe fi igbe sọ ẹlúùlúù, tí í ṣe ìbátan ẹyẹ ọ̀hún. Inú orúkọ kejì ni ìtàn sá sí. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló gbà pé ilé àgbẹ̀ àtayébáyé ni ilé kékeré tí ẹyẹ náà ń gbé, pé bí àwọn baba ńlá ṣe ń kọ́lé nínú igbó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ẹ̀ṣọ́ ojú irin rélùwéè ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ayàwòrán ilé kan láti olú-ìlú Baden, ìjọba tí Triberg wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ló yà á ní nǹkan bí 1850, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kankan kò tíì fẹsẹ̀ kan àárín igbó náà.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ará Jámánì tó bá ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ kì í fi àlàfo sílẹ̀. Á kàn máa tò wọ́n mọ́ra wọn títí èémí á fi fẹ́ tán lẹ́nu ẹni tó ń kà á. Mark Twain, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó rìn kiri ibẹ̀ ní 1878, fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ní ìparí ìwé rẹ̀, A Tramp Abroad, tó jáde ní 1880. (Nínú ìwé yẹn náà ló ti ra ọ̀kan nínú àwọn aago ẹyẹ yìí, kì í ṣe nítorí pé ó wù ú, bí kò ṣe pé ó ń wá ohun tí yóò fi ni ẹnì kan lára.) Àwa tí a ní panápaná àti gbájúẹ̀ kò lè bá Twain rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ìpín mẹ́ta ló wà nínú Bahnhäusleuhr. Bahn ni ọ̀nà, ọ̀nà tí wọ́n là tó sì tẹ́jú. Nígbà tí rélùwéè dé, wọ́n pè é ní Eisenbahn, ọ̀nà irin. Àwa náà wò ó, a ní ojú irin. Kò pẹ́ tí ẹnu fi gé irin kúrò níbẹ̀, tí Bahn nìkan wá ń dúró fún rélùwéè. Haus ni ilé. -Le tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará àdúgbò náà fi ń sọ nǹkan di kékeré nínú ẹ̀ka èdè wọn. Ẹni tó bá ń sọ Jámánì ilé ìwé, Häuschen ni yóò wí. Ìyẹn ni pé ará ìlú ńlá ló yàwòrán aago náà, ṣùgbọ́n ẹnu ará oko ló sọ ọ́ lórúkọ. Uhr tó kẹ́yìn kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì. Hōra àwọn Gíríìkì ni, tó kọjá sínú Látìn, tó gba Faransé àtijọ́ dé etíkun àríwá kó tó wọ àárín ìlú, wákàtí ló sì kọ́kọ́ túmọ̀ sí kó tó di aago. Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ aago tirẹ̀ lọ́wọ́ agogo tí wọ́n ń lù, Yorùbá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Jámánì ní tirẹ̀ di wákàtí mú.

Schwarzwald, Igbó Dúdú, ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Òkè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Feldberg, tó ga ju gbogbo wọn lọ, ga tó mítà 1,493. Furtwangen, tí a ó máa dárúkọ léraléra, fi ohun tó lé ní mítà 800 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Yìnyín máa ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa, nítorí náà màlúù àti igi ni wọ́n fi ń jẹun. Òfin ogún wọn tún le. Wọn kì í pín oko. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jogún rẹ̀ lódindi, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò náà àbígbẹ̀yìn ọkùnrin sì ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè di alágbàṣe lábẹ́ àbúrò wọn, tàbí kí wọ́n wá iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Nílẹ̀ wa, tí àrẹ̀mọ ti ń jókòó sípò baba, irú òfin bẹ́ẹ̀ ì bá dá ìjà sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, aago ló dá sílẹ̀.

Gíláàsì ló ṣáájú aago. Igi tó pọ̀ nínú igbó ni wọ́n fi ń dá iná iléeṣẹ́ gíláàsì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Glasträger sì ń gbé ife àti ìgò sẹ́yìn kiri ọjà jákèjádò ilẹ̀ Yúróòpù. Àlùfáà Franz Steyrer, ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì St. Peter, tó tẹ ìtàn iṣẹ́ náà jáde ní 1796, sọ pé ọ̀kan nínú àwọn alárù gíláàsì yìí ló gbé aago onígi kan bọ̀ láti ilẹ̀ Bohemia ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àti pé ìdílé Kreuz ní Waldau wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò jọ aago òde òní. Igi ni férémù rẹ̀, igi ni àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú rẹ̀, òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn ló ń fà á, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń tọ́ka wákàtí ló sì ní, nítorí kò sí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú nígbà náà. Lókè rẹ̀ ni igi gbọọrọ kan ti ń yí síwá sẹ́yìn, tí wọ́n fi ohun wíwúwo há ìkángun rẹ̀ méjèèjì. Ó jọ òṣùwọ̀n ọlọ́jà, wọ́n sì pè é ní Waag, òṣùwọ̀n. Aago náà di Waaguhr. Ó lè fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú ṣìnà lóòjọ́. Àgbẹ̀ tó ń bọ́ màlúù kò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ogun kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbòòrò lákọ̀ọ́kọ́. Nǹkan bí 1720 ni ó tún sọjí, lọ́wọ́ àwọn bíi Simon Dilger ní Schollach àti Franz Ketterer ní Schönwald. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ tó ń gé eyín sára kẹ̀kẹ́, wọ́n sì pè é ní Zahnstuhl, àga eyín. Pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ gé lọ́kọ̀ọ̀kan wá ń jáde lọ́gbọọgba. Nígbà tó fi máa di 1740, ọ̀pá tí ń fì, èyí tí Christiaan Huygens ti so mọ́ aago ní ilẹ̀ Netherlands láti 1656, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gun òkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn oníṣẹ́ náà kò tú aago wọn palẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá kúkúrú kan kọ́ síwájú ojú aago, ó ń jù fìrìfìrì níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, àwọn tó ń wò ó sì ní ìrù màlúù nìyí. Kuhschwanzpendel lorúkọ rẹ̀ di òní olónìí: Kuh ni màlúù, Schwanz ni ìrù, Pendel ni ọ̀pá tó ń fì. Nínú gbogbo orúkọ tí iṣẹ́ aago bí ní Jámánì, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó lè ronú kàn án.

Ta ló wá fi ẹyẹ sínú aago? Àríyànjiyàn tó wà lórí èyí kò kéré. Àlùfáà mìíràn, Markus Fidelis Jäck, kọ ní 1810 pé Franz Anton Ketterer ti Schönwald ló ṣe é ní nǹkan bí 1730, orúkọ Ketterer yìí sì ni wọ́n ń tún tẹ̀ sínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n Steyrer, tó kọ̀wé ṣáájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun sọ ni pé àwọn oníkiri aago méjì láti inú igbó pàdé ará Bohemia kan lójú ọ̀nà ní nǹkan bí 1742, tó ń ta aago onígi tó ń ké bí ẹyẹ, wọ́n gbé ìròyìn náà délé, Michael Dilger ní Neukirch àti Matthäus Hummel ní Glashütte sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Èmi gba ti Steyrer gbọ́ ju ti Jäck lọ, nítorí ẹyẹ náà ti ń ké níbòmíràn kó tó dé inú igbó. Ní 1629, Philipp Hainhofer, oníṣòwò ará Augsburg, rí irú aago bẹ́ẹ̀ ní ààfin Saxony ní Dresden, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1650, Athanasius Kircher, àlùfáà Jésúìtì ní Róòmù, ya àwòrán ẹyẹ onírin tó ń ké sínú ìwé orin ńlá tó kọ. Ohun tí àwọn ará igbó ṣe ni pé wọ́n mú ohun ìṣeré ọba, wọ́n fi igi ṣe é, wọ́n sì tà á fún tálákà.

Bí ẹyẹ náà ṣe ń ké yẹ ní wíwò. Fèrè onígi méjì ló wà nínú àpótí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orí fèrè kọ̀ọ̀kan ni ẹwìrì kékeré kan jókòó lé, ẹwìrì gidi bíi ti alágbẹ̀dẹ, àfi pé pépà tàbí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Bí wákàtí bá pé, kẹ̀kẹ́ kan nínú ẹ̀rọ á gbé wáyà tó so mọ́ ẹwìrì àkọ́kọ́ sókè, á sì jù ú sílẹ̀. Ìwúwo ẹwìrì náà fúnra rẹ̀ á tì í wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba inú fèrè jáde, ohùn òkè á dún. Ẹwìrì kejì á tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á dún. Òkè-ìsàlẹ̀, òkè-ìsàlẹ̀: ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè olóhùn kò ní pẹ́ mọ orin náà. Láàárín ìgbà yẹn, irin kan á ṣí ilẹ̀kùn, ẹyẹ á yọrí, á máa tẹríba, bí ẹni pé òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Nínú púpọ̀ wọn, òòlù kékeré kan tún ń lu agogo tàbí wáyà yíká lẹ́yìn igbe kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo kan ló ń fa aago fúnra rẹ̀, òmíràn ń fa ẹyẹ. Bí orin bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí ìkẹta. Bí a bá gbàgbé láti fà wọ́n sókè, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́.

Síbẹ̀, ẹyẹ kọ́ ló gbé igbó náà dé ọjà ayé. Ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n ń tà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkàndínlógún kò ní ẹyẹ kankan. Ojú pátákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ní, tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọ́n ya òdòdó róòsì sí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n sì fi fáníṣì bò kó lè máa dán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Lackschilduhr. Àwọn obìnrin pọ̀ lára àwọn tó ń ya òdòdó náà. Iṣẹ́ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Gestellmacher ń ṣe férémù, ẹlòmíràn ń rọ agogo, ẹlòmíràn ń ṣe ṣéènì, ẹlòmíràn ń gé kẹ̀kẹ́, olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, nígbà tí yìnyín bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn tó ń gbé e lọ ni Uhrenträger, alárù aago. Férémù onígi kan tí wọ́n ń pè ní Krätze ni wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, aago á yí i ká lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan á sì wà níwájú lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń mú dún kí àwọn èèyàn lè jáde síta. Wọ́n rìn dé Faransé, dé Rọ́ṣíà, dé ilẹ̀ àwọn Túúkì, wọ́n sọdá òkun lọ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Wọn kì í lọ ní àdáṣe. Wọ́n ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dáwó jọ, wọ́n ń pín ìlú láàárín ara wọn, wọ́n ń kọ́ èdè àwọn oníbàárà, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ wọ́n á padà wálé pẹ̀lú owó tí wọ́n fi ń kọ́lé tó ju ti àwọn tó jogún oko lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ka ìtàn wọn á rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n bá ní Deutsch ni àwọn, ohun tí etí onílé gbọ́ ni Dutch, báyìí ni aago Igbó Dúdú ṣe di aago àwọn ará Holland lẹ́nu wọn. Charles Dickens gbé irú aago bẹ́ẹ̀ sínú ilé kan nínú The Cricket on the Hearth, ìwé Kérésìmesì rẹ̀ ti 1845, ó sì pè é ní Dutch bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é.

Owó náà kò dọ́gba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Láàárín oníṣẹ́ àti ọjà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Packer wà, àwọn tó ń ra aago jọ, tó ń dì wọ́n, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi oúnjẹ àti ọjà san owó iṣẹ́ dípò owó, ní iye tí àwọn fúnra wọn bá dá. Bí aago ṣe ń pọ̀ sí i ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀, oníṣẹ́ á sì tún ṣe púpọ̀ sí i kó lè rí èyí tó ń rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa dé àárín, nǹkan bí 600,000 aago ló ń jáde láti inú igbó náà lọ́dọọdún.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Amẹ́ríkà dé. Eli Terry ní Connecticut ti fi hàn láti 1807 pé ènìyàn lè gba iṣẹ́ 4,000 aago lẹ́ẹ̀kan náà kó sì parí rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ń gé ohun kan náà ní ìwọ̀n kan náà. Chauncey Jerome tẹ̀ lé e, ó sọ igi di idẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé bí ẹni ń gé àkàrà òyìnbó, nígbà tó sì di 1842 ó kó ẹrù aago lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aṣọ́bodè wo iye tó kọ síbẹ̀, wọ́n ní irọ́ ni, aago kò lè pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀. Òfin fún wọn láyè láti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ iye tó kéré jù, kí wọ́n san iye tó kọ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá lórí rẹ̀. Wọ́n gbà á. Inú Jerome dùn, ó fi ẹrù kejì ránṣẹ́, wọ́n tún gbà á. Ìgbà tí ẹ̀kẹta tó pọ̀ jù wọ̀nyẹn lọ dé ni wọ́n mọ̀ pé oníbàárà tó dára jù lọ tí ọkùnrin náà ní ni àwọn. Wọ́n fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín ni ìtàn yìí jẹ́ ní Connecticut; ní Furtwangen, ebi ni. Ọjà Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ òpó wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀gbìn kò dára, rògbòdìyàn 1848 àti 1849 gba ilẹ̀ Baden kan, ọ̀pọ̀ sì di ẹrù wọn lọ sí Amẹ́ríkà tó lé wọn kúrò lọ́jà.

Ìjọba Baden gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Ní 1850, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aago sílẹ̀ ní Furtwangen, wọ́n sì fi Robert Gerwig ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ Karlsruhe ni, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹnjiníà ojú ọ̀nà àti rélùwéè. Kò ní ìdílé kankan tó so ó mọ́ aago. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó rí i pé ìṣirò ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ìṣòro wọn, pé ojú aago wọn ti gbó. Òdòdó róòsì tí ìyá àgbà ń yà kò lè dúró nínú pálọ̀ àwọn olówó tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án 1850, ó kéde ìdíje fún àwọn ayàwòrán: kí wọ́n fi àwòrán àpótí aago tó bá ìgbà mu ránṣẹ́.

Ẹni tí àwòrán rẹ̀ borí gbogbo ti ìyókù nínú ìtàn ni Friedrich Eisenlohr. Ọmọ Lörrach ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Karlsruhe, òun ló sì yàwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó wà lẹ́bàá rélùwéè Baden ní àfonífojì odò Rhine, rélùwéè tó ti bẹ̀rẹ̀ láti Mannheim sí Heidelberg ní 1840, tó sì dé Freiburg ní 1845. Lára àwọn ilé yẹn ni èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú irin ń gbé: ilé kékeré, òrùlé gọ̀ǹgọ̀ tó nà kọjá ògiri, pátákó tí wọ́n fi ayùn gé lọ́nà létí rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà ni láti máa wo irin, láti ti ọ̀nà pa bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, láti fi àmì ránṣẹ́ sí ẹni tó wà níwájú. Kò sí ẹni tó nílò aago ju òun lọ. Eisenlohr kò lọ jìnnà: ó mú iwájú ilé ẹ̀ṣọ́ náà, ó fi ojú aago sí ibi tí fèrèsé yẹ kó wà, ó sì ta ìtàkùn yí i ká. Nínú orúkọ tí wọ́n fún àwòrán náà, wọ́n ní ewé ìtàkùn ivy ni. Ẹni tó bá wo àwòrán dáadáa á rí i pé ewé àjàrà ni.

Kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ló ronú pé òrùlé yẹn láyè, pé ilẹ̀kùn kékeré lè wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú ẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún wọ ilé tuntun. Ní 1854, Johann Baptist Beha ti Eisenbach ta aago ẹyẹ méjì tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán sí iwájú wọn fún oníṣòwò aago kan ní Furtwangen, wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Bahnhöfle-Uhren. Bahnhof ni ibùdókọ̀ rélùwéè, ìyẹn ni pé nígbà náà ẹnu kò tíì kò lórí bóyá ibùdókọ̀ kékeré ni wọn tàbí ilé ẹ̀ṣọ́. Häusle ló padà borí. Ọdún yẹn kan náà ni Eisenlohr kú, kò rí ohun tí àwòrán rẹ̀ dà.

Ohun tó dà náà, bí mo ṣe rí i, kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó fi máa di 1860, àwọn agbẹ́gilére ti gba ilé náà lọ́wọ́ ayàwòrán. Ewé pẹlẹbẹ rẹ̀ di ewé gidi tó ń yọ síta. Àgbọ̀nrín yọrí lókè òrùlé, ìbọn ọdẹ kọ́ra, ehoro òkú ń rọ̀ dirodiro lápá kan. Beha bẹ̀rẹ̀ sí í fi egungun gbẹ́ ọwọ́ aago, ó sì ń rọ ìwúwo rẹ̀ bí èso igi páìnì. Gbogbo ohun tí àlejò ń wò lónìí tó sì ń pè ní àjogúnbá inú igbó, ọwọ́ ọdún bíi mẹ́wàá péré ni wọ́n kóra jọ, láàárín ìdíje ìjọba àti ìdíje ọjà. Ṣùgbọ́n ó tà. Ó jẹ́ ohun tí Amẹ́ríkà kò lè fi ẹ̀rọ gé.

Gerwig fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1857, ó padà sí iṣẹ́ tó mọ̀. Láàárín 1863 sí 1873, rélùwéè Igbó Dúdú, láti Offenburg dé Singen, ni wọ́n ń là gba àárín òkè, òun sì ni ẹnjiníà rẹ̀. Òkè ibẹ̀ ga ju ohun tí ọkọ̀ ìgbà náà lè gùn tààrà lọ. Gerwig kò gbà kí ọ̀nà gba ibi tó rọrùn ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ó jẹ́ kí irin máa yí po lára òkè nítòsí Triberg, tó ń padà sí ibi tó ti wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, tó fi ń ga díẹ̀díẹ̀, ó sì gbẹ́ ihò tó lé ní 30 gba inú òkúta. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá wo ọgbọ́n náà, wọ́n sì lò ó. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1873 ni wọ́n ṣí apá ìkẹyìn. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ìdíje ni ọkọ̀ ojú irin tó wá bá ilé ẹ̀ṣọ́ ojú irin lára ògiri àwọn ará Triberg. Àwọn ilé ẹ̀ṣọ́ gidi náà dìde lẹ́bàá irin, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti ra èyí tó kéré.

Rélùwéè yìí náà ló wá pa àkókò àdúgbò. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀sán ìlú kọ̀ọ̀kan ni ìgbà tí oòrùn bá wà lókè orí wọn. Rélùwéè Baden ń lo àkókò Karlsruhe, ti Württemberg ń lo ti Stuttgart, ti Bavaria ń lo ti Munich. Ẹni tó bá ń rin etí adágún Constance, ibi tí ilẹ̀ márùn-ún ti pàdé, á máa tún aago rẹ̀ ṣe bó ṣe ń kọjá láti èbúté dé èbúté. Ní oṣù kẹta 1891, ọ̀gágun àgbà Helmuth von Moltke dìde nílé aṣòfin láti rọ̀ wọ́n pé kí gbogbo Jámánì ní àkókò kan. Ogun ló ń rò, pé bí a bá ń kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀, aago márùn-ún kò lè darí wọn. Ó kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1893.

Ọ̀nà ti Connecticut náà wọlé nígbẹ̀yìn. Ní 1861, Erhard Junghans dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Schramberg, ní apá Württemberg, wọ́n sì gba ẹ̀rọ àti ètò àwọn ará Amẹ́ríkà lò. Ní 1903, iléeṣẹ́ yìí ló tóbi jù lọ lágbàáyé nínú iṣẹ́ aago, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó lé ní 3,000. Àwọn alárù aago kò sí mọ́. Rélùwéè ń kó àpótí lọ sí èbúté. Èyí tó kù nínú ìtàn náà yá kánkán. Iléeṣẹ́ Junghans ló ka àkókò ní ìdíje Òlíńpíìkì Munich ní 1972, ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni aago quartz dé láti Japan, iléeṣẹ́ ńlá ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi Mauthe ti Schwenningen, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn rí. Àwọn tó ń ṣe aago ẹyẹ kù, nítorí ẹni tó ń ra aago ẹyẹ kì í ra á láti mọ aago tó lù. Ìṣòro tiwọn yàtọ̀: sinimá The Third Man ti 1949 fi sí ẹnu Orson Welles pé Switzerland ló ṣe aago náà fún ayé, láti ìgbà yẹn ni àwọn ará Igbó Dúdú ti ń ṣàlàyé tí kò tán.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe aago náà, tí wọ́n ń pè ní VdS, ń so ìwé ẹ̀rí mọ́ èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́ ti ìwúwo, tó sì jẹ́ pé inú igbó náà ni wọ́n ti ṣe é. Èyí tó ń lo bátìrì kì í gba ìwé náà, bó ti wù kí àgbọ̀nrín orí rẹ̀ dára tó. Nínú ìwé àkójọ ọjà wọn, èyí tó ní ewé àti ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ àti èyí tó ní àwòrán ilé orí òkè àti kẹ̀kẹ́ omi jẹ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ògbóǹtarìgì sì ń fi Bahnhäusle pe irú tó sún mọ́ ti Eisenlohr jù. Àwọn aago tí Gerwig bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1852 ló di Deutsches Uhrenmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aago Jámánì, ní Furtwangen: Waaguhr wà níbẹ̀, ìrù màlúù wà níbẹ̀, ilé ẹ̀ṣọ́ ojú irin wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti di yunifásítì, inú ọgbà rẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọ̀hún wà, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ níbẹ̀.